Èsì fún Àwọn tí ń Pe Wáìnì Pupa ní Oògùn

Níbi àpèjẹ ìgbéyàwó kan tí a pè wá sí, olùkọ́ àgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún na ago rẹ̀ sí agbọ́tí ní ìgbà kẹta. Bí ó ti rí i pé ojú wa bá ago náà lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wí pé, "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Kátíkíìsì. Oògùn ọkàn ni èyí. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i pé ohun kan ń bẹ nínú wáìnì pupa tí kì í jẹ́ kí ọkàn ènìyàn ṣàárẹ̀." Àwọn tí ó jókòó yí wa ká mi orí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ pe orúkọ nǹkan náà láìkọsẹ̀: resveratrol. Ọmọ ilé-ìwé kan tí ń gbé àwo kọjá dúró, ó tẹ́tí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí ọmọ náà ni a ṣe mú kálàmù. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ wa wí pé òun ń mu wáìnì nítorí pé ó dùn mọ́ òun lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ì bá wà láàrin òun àti ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀, àwa ì bá sì jẹ ìrẹsì wa ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ó ti pe ìmọ̀ wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá pe ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ bínú bí a bá bi ẹlẹ́rìí náà léèrè. (Kí ó yé wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ń lù kìkì nínú àyà, kì í ṣe èyí tí a ń wàásù fún.)

Ta ni ẹlẹ́rìí yìí? Resveratrol kì í ṣe ọmọ bíbí àjàrà nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1940 ni Michio Takaoka, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jàpáànì, yọ ọ́ jáde láti inú gbòǹgbò ewéko kan tí kò bá àjàrà tan rárá. Ó di ọdún 1976 kí Langcake àti Pryce tó rí i lára ewé àjàrà, ohun tí wọ́n sì rí yẹ kí ó dá ẹnikẹ́ni tí ń pè é ní oògùn ènìyàn dúró díẹ̀. Igi àjàrà kì í fi bẹ́ẹ̀ pèsè rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Nígbà tí àrùn tí ń mú ewé àti èso bu bá kọlù ú, tàbí tí ìtànṣán oòrùn bá pa á lára, nígbà náà ni ó máa ń ṣe é láti fi gbèjà ara rẹ̀. Ohun ìjà igi ni. Igi kò ní àwa lọ́kàn nígbà tí ó ń rọ ọ́. Inú èèpo èso ni ó pọ̀ sí. Nítorí èyí ni wáìnì pupa fi ní i ju wáìnì funfun lọ, nítorí àwọn tí ń ṣe pupa máa ń jẹ́ kí èèpo wà nínú omi èso náà bí ó ti ń hó di ọtí, àwọn tí ń ṣe funfun a sì tètè yọ èèpo kúrò. Inú èèpo kan náà ni ohun tí ń pa èso náà láró wà, àti ohun tí ń fún ahọ́n pọ̀ bí ti ẹni tí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n.

Báwo ni ọ̀rọ̀ àrùn ọkàn ṣe wọ inú rẹ̀? Láti ilẹ̀ Faransé ni. Àwọn ará ibẹ̀ a máa jẹ bọ́tà, wọn a máa jẹ wàràkàṣì àti ọ̀rá ẹran, síbẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ikú, àrùn ọkàn kì í pa wọ́n tó bí ó ti ń pa àwọn Gẹ̀ẹ́sì aládùúgbò wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ yìí sáfẹ́fẹ́ nínú ètò 60 Minutes, ó sì ta á sí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn pé ó ṣeé ṣe kí wáìnì pupa jẹ́ ìdí rẹ̀. Títà wáìnì pupa fò sókè ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Serge Renaud àti Michel de Lorgeril kọ ọ̀rọ̀ náà sínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn: wọ́n rò pé wáìnì lè máa dín bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì nínú iṣan kù. Ní ọdún 1992 kan náà ni a kéde pé a ti rí resveratrol nínú wáìnì. Bí a ti fi òwú so àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ nìyẹn, tí oníṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á.

Ẹ wo ohun tí ó yà wá lẹ́nu. Ní oṣù kìíní ọdún 1991 yẹn, oṣù mẹ́wàá ṣáájú kí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó sọ̀rọ̀, ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ ṣe òfin tí a ń pè ní Loi Évin láti ká ìpolówó ọtí lọ́wọ́ kò. Àwọn tí ó mọ wáìnì jù ní gbogbo ayé ń fi òfin dí ẹnu rẹ̀, àwọn tí ó jìnnà sí i sì ń pè é ní oògùn. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò sì fẹ́ gbọ́ èyí: títí di ọdún 1956, a ń bu wáìnì fún ọmọdé níbi oúnjẹ ọ̀sán ní àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Faransé. Ọdún náà ni ìjọba kà á léèwọ̀ fún àwọn tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 14; ó di ọdún 1981 kí a tó mú un kúrò níwájú àwọn àgbà ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn aláṣẹ ìlera wọn ṣírò pé ní ọdún 2015, nǹkan bí 41,000 ènìyàn ni ọtí pa ní ilẹ̀ náà, 16,000 nínú wọn sì jẹ́ ti àrùn jẹjẹrẹ. Kì í ṣe wáìnì nìkan ni ọtí wọn, ṣùgbọ́n òun ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wí fún wa pé kí a wo Faransé, a ti wò ó.

A ó ha wá wí pé irọ́ ni pé ọkàn wọn le ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ? A kò wí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999, Law àti Wald tún ìṣirò náà yẹ̀wò. Wọ́n ní àwọn oníṣègùn Faransé kì í kọ gbogbo ikú àrùn ọkàn sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n tún ní kò tí ì pẹ́ tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ọ̀rá ẹran tó bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tí ènìyàn jẹ lónìí kì í béèrè gbèsè rẹ̀ títí di ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó rí ènìyàn nínú ọjà kò lè búra pé ọ̀nà ilé òun ni ó gbà wá.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa fara balẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáìnì nìkan ni èyí yóò wúlò fún. Bí olùkọ́ kan bá ka iye àwọn ọmọ tí ń wọ bàtà wá sí ilé-ìwé, tí ó sì rí i pé wọ́n mọ ìṣirò ju àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ, ǹjẹ́ bàtà ni ó kọ́ wọn ní ìṣirò? Ọmọ tí ó ní bàtà ni ó ní fìtílà láti fi kàwé lálẹ́. Òun ni ó jẹun kí ó tó jáde. Òun ni a kò ní kí ó kọ́kọ́ lọ pọn omi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ń mu ago wáìnì kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ ní ìlú òyìnbó. Ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, wọn a máa jẹ ewébẹ̀, wọn a máa lọ wo dókítà. Nígbà tí wọ́n bá pẹ́ láyé, a ó ha gbé ọpẹ́ fún ago?

Èkejì tún le ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí abúlé ní ọjọ́ iṣẹ́, kí a ka àwọn tí kò lọ sí oko. A ó rí i pé àìsàn pọ̀ láàrin wọn ju láàrin àwọn tí ó lọ. Ẹni wo ni yóò wá wí pé àìlọ sí oko ni ó mú wọn ṣàìsàn? Àìsàn ni ó dá wọn dúró sílé! Ohun tí A. G. Shaper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1988 nìyí: láàrin àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé wọn kò mu ọtí, ọ̀pọ̀ ni ó ti mu ún rí tí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ara wọn ti ń bàjẹ́. Nígbà tí a bá fi irú àwọn bẹ́ẹ̀ wé ẹni tí ń mu ago kan, ago kan náà yóò dàbí oògùn. A kò sẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn títí di òní nípa ìwọ̀n kékeré àti àrùn ọkàn. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń jiyàn lé lórí kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ìwé oògùn fún olùkọ́ àgbà níbi ìgbéyàwó.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ resveratrol fúnra rẹ̀. Ẹ gbé sílétì yín, ẹ̀yin ọmọ.

Ọ̀pọ̀ wáìnì pupa kò ní ju mílígíráàmù kan tàbí méjì lọ nínú lítà kan. Àwa kò ní ṣe ahun. A ó kà á sí 5. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan fi resveratrol bọ́ àwọn èkúté tí wọ́n ti fi oúnjẹ ọlọ́ràá mú sanra, àwọn èkúté wọ̀nyí sì pẹ́ láyé ju àwọn sísanra ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ìròyìn náà dé ibi gbogbo. Ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn tó nǹkan bí mílígíráàmù 22 fún ìwọ̀n kílò kan ara wọn lójoojúmọ́. Bí ènìyàn tí ó wọn kílò 60 bá fẹ́ gba irú rẹ̀, yóò nílò mílígíráàmù 1,320, èyí tí í ṣe lítà wáìnì 264, tàbí ìgò 352, ní ọjọ́ kan. Ẹnìkan lè wí pé ara èkúté àti ara ènìyàn kò dọ́gba, pé àwọn oníṣègùn a máa pín irú iye bẹ́ẹ̀ sí 12 kí wọ́n tó fi wé ti ènìyàn. Ó dára, a pín in. Mílígíráàmù 110 ni ó kù: lítà 22, tí ó ju ìgò 29 lọ, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí ó bá mu ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni a ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn, bí kò bá jẹ́ itẹ́ òkú. Nígbà tí a sì fún àwọn èkúté tí kò sanra, tí ń jẹ oúnjẹ bí ó ti yẹ, ní nǹkan yìí, ní ọdún 2008 a rí i pé kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn.

Àní bí ènìyàn bá tilẹ̀ gbé e mì, ìwọ̀nba kín-ún ni ó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti rí. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ a ti yí i padà di nǹkan mìíràn kí ó tó jìnnà.

Àwọn olówó kò ṣàì gbìyànjú. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline san 720 mílíọ̀nù dọ́là láti ra Sirtris, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń wá oògùn lórí ọ̀nà yìí. Ní ọdún 2010 wọ́n dá ìdánwò kan dúró tí wọ́n fi ń fún àwọn tí ó ní irú jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun ní resveratrol gíráàmù 5 lójoojúmọ́, nítorí pé kíndìnrín àwọn kan nínú wọn bàjẹ́. Ní ọdún 2013 wọ́n ti ilẹ̀kùn Sirtris. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kìíní ọdún 2012, Yunifásítì Connecticut ní Amẹ́ríkà ti kéde pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú wọn, tí ó ti kọ̀wé púpọ̀ nípa wáìnì pupa àti ọkàn, ṣe ayédèrú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀; ẹ̀sùn 145 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wádìí nǹkan yìí ni òpùrọ́, ọ̀pọ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. A mẹ́nu kàn án kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé ìwé tí a tẹ̀ kò di òtítọ́ nítorí pé a tẹ̀ ẹ́.

Èyí tí ó wù wá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Chianti, ní Ítálì, níbi tí wáìnì ti wà lórí tábìlì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Láti ọdún 1998 ni a ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin àti obìnrin 783 níbẹ̀, tí gbogbo wọn ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń mu lásán, nítorí ahọ́n a máa gbàgbé. Ìtọ̀ wọn ni a yẹ̀ wò, kí a lè mọ iye resveratrol tí ó gba ara wọn kọjá. Ọdún 9 ni a fi ń wò wọ́n. Àwọn 268 kú nínú wọn. Nígbà tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ẹni tí resveratrol pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ kò pẹ́ láyé ju ẹni tí ó kéré sí nínú rẹ̀ lọ. Àrùn ọkàn kò yẹra fún un, jẹjẹrẹ kò sì yẹra fún un. Ogún ọdún ni irọ́ lè fi rìn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a: láti 1991 sí 2014, ó tilẹ̀ lé díẹ̀ ní ogún.

Nígbà tí a ń wá oògùn kín-ún nínú ìgò yẹn, kí ni ó kún inú rẹ̀? Ìgò wáìnì kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100 ní nǹkan bí gíráàmù 71 ti álíkóhóòlù gan-an, èyí tí í ṣe mílígíráàmù 71,000. Resveratrol inú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ojúsàájú tí a ṣe fún un, kò tó 4. Fún ẹyọ kan oògùn tí a ń wí, ènìyàn ń gbé ẹyọ tí ó lé ní 18,000 ti nǹkan kejì mì. Nǹkan kejì náà kò sì ṣe àjèjì sí àwọn onímọ̀. Láti ọdún 1988 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọtí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹnu, ọ̀fun, gògóńgò, ọ̀nà oúnjẹ, ẹ̀dọ̀, ìfun ńlá, àti ọmú obìnrin ni ó máa ń bá jà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ náà tún sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè pè ní aláìléwu. Wáìnì pupa kò rí àyè àforíjì gbà nínú ìdájọ́ náà. Ẹni tí ń mu ún nítorí ọkàn rẹ̀ fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àwọn kan yóò mú Tímótì wá bá wa jà, a sì mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ìmọ̀ràn tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fún Tímótì jẹ́ fún ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu, díẹ̀ ni ó sì wí fún un. Kò kọ ọ́ sí àwọn tí ara wọn dá níbi àpèjẹ, kò sì wí fún un pé kí ó na ago ní ìgbà kẹta. Ṣùgbọ́n kí a ṣe òdodo sí ìhà kejì pẹ̀lú. Àwọn ará wa kan ní ìtara tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wí pé gbogbo wáìnì inú Ìwé Mímọ́ jẹ́ omi èso lásán. Ìtara yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kí omi àjàrà tó lè pẹ́ nínú ìgò láìdi ọtí, ó di ọdún 1869, nígbà tí Thomas Bramwell Welch, oníṣègùn eyín kan ní Vineland ní Amẹ́ríkà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí àwọn ará ìjọ rẹ̀ lè lò ó níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Àwa tí ń gba Oúnjẹ náà pẹ̀lú wáìnì mọ̀ pé kì í ṣe fún iṣan ọkàn ni a ṣe ń tọ́ ọ wò.

A kò sì bá èso àjàrà jà. Èso rere ni, ẹni tí ó bá rí i rà kí ó jẹ ẹ́ tèèpotèèpo. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Harvard kọ̀wé lórí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn 187,382, pé àtọ̀gbẹ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn tí ń jẹ àjàrà àti ápù gan-an, ó sì pọ̀ sí i láàrin àwọn tí ń mu omi èso. (Ẹ rántí bàtà o, òdiwọ̀n tí a fi wọn wáìnì ni kí a fi wọn èyí pẹ̀lú.) Ṣùgbọ́n àjàrà wọ́n ní ọjà wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún ń fẹ́ resveratrol ní tipátipá, ó wà nínú ẹ̀pà, pàápàá ẹ̀pà sísè tí àwọn ọmọ ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-ìwé. Díẹ̀ ni, bí ti wáìnì ti jẹ́ díẹ̀. Ẹ̀pà ní tirẹ̀ kì í mú ènìyàn ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ sílé. Ohun tí ń pa àjàrà láró bá ohun tí ń pa ìṣápá láró tan. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ti fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru díẹ̀ ní omi ìṣápá, ago mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ènìyàn 65 ni ó wà nínú ìdánwò náà, apá kan ń mu ìṣápá, apá kejì ń mu omi mìíràn tí a ṣe kí ó jọ ọ́. Iye òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 7, ti àwọn kejì ní nǹkan bí 1 péré. Ọ̀sẹ̀ 6 kì í ṣe ọdún 6, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ da oògùn dókítà rẹ̀ nù. Ìṣápá tí a sì da ṣúgà sí títí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ètè kì í ṣe èyí tí wọ́n fún wọn mu.

Olùkọ́ àgbà náà wá sí ilé wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. A ti fi díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ránṣẹ́ sí i, ó sì ti kà á pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì pupa lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣe ìwé ọmọ. Ó bá wa tún ìṣirò ìgò náà ṣe, ó sì rí i pé ó pé. Ó wá bi wá pé, "Ó dára, Kátíkíìsì, bí kì í bá ṣe oògùn, ṣé n kò wá gbọdọ̀ mu ún nítorí pé ó dùn ni?" A dá a lóhùn pé ìbéèrè mìíràn nìyẹn, pé inú wa dùn pé ó ti ń pè é ní orúkọ rẹ̀, àti pé bí ó bá fẹ́ kí a jókòó sọ ọ́, àyè wà. Ó ní òun yóò padà wá. Ó mú ẹ̀pà díẹ̀ nínú àwo tí ó wà lórí tábìlì, ó sì bọ́ sí ọ̀nà.